Sítíárìn Bàbá Mi Lówùúrọ̀ Ọyẹ́

Imú ni àwọn awakọ̀ fi mọ̀ mí ní Ore. Kì í ṣe pé ó tóbi. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní lẹ́bàá títì márosẹ̀, óìlì ni mo sì ń tà níbẹ̀: óìlì ẹ́ńjìnnì, óìlì gíà, óìlì bíréèkì, àti óìlì sítíárìn tó pupa bí omi ìsápá. Bí awakọ̀ bá gbé kẹ́ẹ̀gì tí àkọlé rẹ̀ ti pa rẹ́ wá, tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, èmi ni yóò gbé e fún kí n gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń fà á símú lẹ́ẹ̀kan, mo sì máa ń sọ ohun tó jẹ́. N kì í ṣì í. Bí mo bá tilẹ̀ ṣì í, ta ni mo fẹ́ sọ fún?

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n sítíárìn ló yàn láàyò. Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i. Ó wá kọ́ṣẹ́ ní Ore, ó rí mi, ọ̀nà ilé sì jìn sí i láti ìgbà náà. Bí mo ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyẹn. Tirẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Trélà tó ń bọ̀ láti Èkó, táńkà epo, tíípà tó ń kó yẹ̀pẹ̀, gbogbo wọn ló ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí sítíárìn wọn bá wúwo tàbí tó bá ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bó bá gbé iṣẹ́ dání, kò sí ẹni tó lè kán an lójú. Yóò kọ́kọ́ wo táyà iwájú bóyá afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, nítorí táyà tó bá rọ̀ máa ń mú kí sítíárìn wúwo. Yóò fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò wá fi ọwọ́ ti táyà sọ́tùn-ún sósì, kó lè mọ̀ bóyá irin ló gan. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń dé orí óìlì, fílítà àti hóòsì, pọ́ńbù tó ń ti óìlì náà ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Ó ní ẹni tó bá ti orí pọ́ńbù bẹ̀rẹ̀, ó ní pọ́ńbù tó fẹ́ tà ni. Èmi tí mo to pọ́ńbù tòkunbọ̀ sórí pẹpẹ kì í fèsì sí ìyẹn.

Bàbá mi náà, awakọ̀ ni wọ́n. Ajue ni ilé wa, nínú igbó Ìkálẹ̀, níbi tí kòkó, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ti ń bọ́ ènìyàn. Màmá mi ń fún epo tà, bàbá mi sì ní oko kòkó tiwọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè iṣẹ́ wọn, wọn kò ní dárúkọ kòkó. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pe ara wọn. Lọ́rì kan wà tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé wa dáwó rà nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá mi ni wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Àwọn ló ń kó irè oko gbogbo abúlé lọ sí Ore àti Odigbo, wọ́n a sì máa dé Omifunfun nígbà mìíràn. Wọ́n fi okùn so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn, wọ́n ń wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń sùn pẹ̀lú rẹ̀. Àwa ọmọ máa ń sọ pé bí ilé bá jó, bàbá wa yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọrùn wọn wò kí wọ́n tó béèrè wa.

Ní abúlé wa, òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, ọjọ́ dírẹ́bà ni. Gbogbo ohun tí a fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo, àpò gààrí àti ewúrẹ́ tó ń pariwo, inú lọ́rì ẹgbẹ́ ni a ń kó wọn sí. Lọ́rì náà yóò wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò yí po láàrin kànga àti àtíbàbà àwọn akọrin, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Àyè ibẹ̀ há. Ìjọ yóò jáde tán, tàgbà tèwe, wọn yóò dúró máa wò ó. Bí dírẹ́bà bá yí i lẹ́ẹ̀kan náà láìfà síwá sẹ́yìn, àwọn obìnrin yóò gbé orin, ọ̀kan nínú wọn yóò sì fi gèlè nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń dúró sórí ẹnu kànga wo bàbá mi. N kò rí i rí kí wọ́n fà síwá sẹ́yìn. Mo máa ń wo ojú àwọn ọmọ tó kù láti rí i bóyá wọ́n mọ̀ pé bàbá tèmi ni.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ tètè dé. Ètè gbogbo wa ti là, kò sì sí ẹsẹ̀ tó jáde láìfi òrí pa. Lọ́rì wọ ọgbà pẹ̀lú ẹrù ìkórè, bàbá mi fa sítíárìn sọ́tùn-ún, sítíárìn kò sì lọ. Mo rí iṣan ọrùn wọn tó yọ. Ọkọ̀ ń kérora lábẹ́ wọn. Wọ́n fà síwájú, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n tún fà síwájú. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ bá wọn di sítíárìn náà mú, síbẹ̀ náà, ẹ̀yìn lọ́rì lọ ti òpó àtíbàbà, àtíbàbà sì wó lé àga àwọn akọrin. Ọpẹ́ ni pé àwọn akọrin ò tíì jókòó. Kò sí ẹni tó kọrin lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó fi gèlè nu bàbá mi lórí. Inú bí mi gidigidi, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Kì í ṣe pé bàbá mi ò ti sọ ọ́ ṣáájú. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé sítíárìn wúwo. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá fún ọkọ mi ní Ore ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlẹ́rù kì í tètè dé láti Ajue. Bí wọ́n bá máa fi já ẹrù tán, oòrùn á ti wà ní àtàrí. Ọkọ mi yóò wo táyà, yóò gbé e sórí jáàkì, yóò ṣí agolo óìlì sítíárìn, yóò rí i pé ó kún, pé ó pupa, yóò dé e padà. Yóò gun orí ìjókòó, yóò yí sítíárìn, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Yóò wá sọ̀ kalẹ̀, yóò rọra sọ fún àna rẹ̀ pé ọkọ̀ yìí kò ní nǹkan kan. Kò sọ ohun tó kù, nítorí àna kì í sọ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti abúlé wa tó ń wa bọ́ọ̀sì ní páàkì Ore gun lọ́rì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ kan yí i, ó sì ń fi èkejì jẹ ẹ̀pà. Ìyẹn ló parí ẹjọ́. Lẹ́yìn ìkórè, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, tí í ṣe ẹni jẹ́jẹ́, kó àgbà méjì lẹ́yìn wá sílé wa. Wọ́n yin bàbá mi títí, ìyìn tí a fi ń sin ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní apá àgbà ti ṣe tirẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí apá ọ̀dọ́ ràn án lọ́wọ́. Àwọn yóò pa ewúrẹ́ fún wọn, àwọn yóò fún wọn ní aṣọ, ní ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀, kí wọ́n wá gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́pà yẹn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá mi sọ fún mi lórí fóònù pé láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń lọ jókòó nínú lọ́rì láìtan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi pé a ń lọ sí Ajue ní Jímọ̀, a ó sùn níbẹ̀, kí bàbá mi má dá nìkan lọ sí ìpàdé náà. Mo kó kẹ́ẹ̀gì óìlì sínú búùtù wa bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwọn kan ń gbé agboòrùn rìn bí òjò ò bá tilẹ̀ ṣú. Óìlì lèmi ń gbé.

Nígbà tí mo jáde síta ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn òbí mi ti wà nídìí iná. Bàbá mi ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n jókòó sórí àpótí. Màmá mi fi àwo òrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè yọ́, nítorí ọyẹ́ ti mú kó le bí òkúta. Bí ó ti ń yọ́ ni wọ́n ń fi pa apá bàbá mi, láti èjìká wá dé ọrùn ọwọ́. Ọghọ́ ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ọwọ́, bàbá mi sì ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ráhùn fún ara rẹ̀: “Ọghọ́ ọ̀tún yìí.” Màmá mi á kí wọn pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ti di àṣà wọn láti ìgbà tí sítíárìn ti wúwo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n to àwọn kẹ́ẹ̀gì epo màmá mi sílẹ̀, kí oòrùn tó máa yọ lè yọ́ wọn fún oníbàárà. Mo rí òrí, mo rí epo, ọyẹ́ ti mú kí méjèèjì dì lójú mi, mo sì kọjá lọ bọ́jú. Imú ni Ọlọ́run fún mi, kò fún mi ní ojú.

Bàbá mi wọ ẹ̀wù, wọ́n lọ tan lọ́rì kó lè gbóná, nítorí wọ́n fẹ́ fúnra wọn wà á dé ìpàdé. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ilé ni sítíárìn ti gan. Ọkọ mi ń run pákò lójú ọ̀nà. Ó sáré lọ, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun bá wọn yí i. Ó gun ibẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ kan yí i, kò lọ. Ó yọ pákò, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, sítíárìn náà kàn sún díẹ̀. Ọkọ mi yìí ni ó máa ń dá gbé orí ẹ́ńjìnnì o. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Bàbá, bó bá jẹ́ apá ni, apá tèmi náà ti darúgbó.”

N kò lè gbàgbé ojú bàbá mi. Láti ọjọ́ ìkórè, àfi bí ẹni tí wọ́n ti gbé ẹrù lé, tí kò rí ẹni bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n dúró ti ilẹ̀kùn lọ́rì, wọ́n di irin rẹ̀ mú, wọ́n ní kí ọkọ mi tún un yí. Ó tún un yí, kò lọ. Wọ́n ní kó tún un yí. Èmi ni mo sọ pé ó tó, kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ wá ṣiṣẹ́.

Ó wo táyà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Ó gbé iwájú sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fi ọwọ́ ti táyà, táyà sì lọ sọ́tùn-ún sósì láìjanpata. Kì í ṣe irin ló gan. Ó ku óìlì. Ó ṣí agolo, ó yọjú sínú rẹ̀. Ó wá pè mí pé kí n gbé imú mi wá.

Ohun tó wà nínú agolo náà kì í ṣàn. Ó ti dì bí ọbẹ̀ àná, ó ní hóró-hóró, àwọ̀ rẹ̀ sì ti di bí ọsàn tó pọ́n. Mo tẹ orí ba, mo fà á símú. Kì í ṣe òórùn ṣọ́ọ̀bù mi. Òórùn ibi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ni, òórùn ẹ̀yìnkùlé wa lọ́jọ́ tí màmá mi bá fún epo, tí èéfín ń rú, tí a ń fi iṣu gbígbóná nu ìdí ìkòkò. Mo ní epo pupa ni. Mo ní epo tó dára ni pẹ̀lú, tí wọ́n fi aṣọ sẹ́, tí kò ní omi nínú rárá.

Gbogbo rẹ̀ wá yé wa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilẹ̀ bá gbóná, epo pupa á ṣàn bí omi, ojú lásán ò sì lè yà á sọ́tọ̀ lára óìlì sítíárìn, nítorí pupa ni méjèèjì. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ mọ́jú, á dì sínú hóòsì, á di ojú fílítà, pọ́ńbù á sì máa kérora nítorí kò rí nǹkan tì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ títí, tí oòrùn bá mú, á yọ́. Kí lọ́rì tó dé Ore, àìsàn rẹ̀ á ti lọ. Òwúrọ̀ nìkan ló ń dá bàbá mi lóró, òwúrọ̀ ni ìkórè sì máa ń jẹ́.

Ọkọ mi tú epo náà sínú abọ́ ńlá. Màmá mi ń bọ̀ láti ilé pẹ̀lú omi gbígbóná, wọ́n rí abọ́ náà, inú wọn sì dùn bí ẹni rí ọmọ rẹ̀ lọ́jà.

“Epo mi rè é, ọma mi,” ni wọ́n sọ fún mi.

Wọn kò fi pa mọ́ rárá; kò tilẹ̀ jọ wọ́n lójú. Wọ́n ní nígbà òjò, àwọn rí i tí nǹkan pupa ń jò sílẹ̀ lábẹ́ lọ́rì, bàbá mi sì ti lọ sí oko. Àwọn ti máa ń rí bàbá mi tí wọ́n ń rọ nǹkan pupa sínú agolo yẹn. Àwọn ṣí i, àwọn rí i pé ó ti fẹ́ gbẹ, ẹrù sì wà láti kó lọ sí Odigbo lọ́jọ́ kejì. Ni àwọn bá lọ bu epo. Láti ìgbà náà, bí àwọn bá ti ń gbálẹ̀ inú lọ́rì, àwọn a yẹ agolo náà wò, bó bá dín, àwọn a kún un. Wọ́n fi kún un pé kì í ṣe epo tí àwọn ń tà o. Èyí tí àwọn fi pamọ́ fún ilé ni.

Ọkọ mi kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa èmi náà, ṣùgbọ́n mo wo bàbá mi, mo sì rí i pé wọn kò rẹ́rìn-ín. Ojú màmá mi ni wọ́n ń wò. Nígbà tí màmá mi ti wọlé, wọ́n sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní gbogbo àgbègbè ló ń ra epo lọ́wọ́ màmá mi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó fi epo bọ́ lọ́rì, wọn yóò fi kọrin títí wọn yóò fi sin ín. Wọ́n ní ó sàn kí àwọn gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní ṣé nítorí pé ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín ni wọn yóò ṣe jẹ́ kí ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà lórí sítíárìn gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn? Mo sọ èyí tó yẹ kí ọmọ sọ fún bàbá rẹ̀, mo sì sọ díẹ̀ kún un. Bàbá mi ní kí n lọ gbé óìlì wá.

A ṣe é. Ọkọ mi yọ fílítà, epo ti bò ó bí ìgbà tí a bá yọ àkàrà nínú agbada. Ó fi dísẹ́ẹ̀lì fọ̀ ọ́, ó ṣan hóòsì, ó rọ óìlì tuntun, ó tún rọ ọ́ dànù nítorí epo ṣì wà nínú rẹ̀, ó wá rọ òmíràn. Iwájú ọkọ̀ ṣì wà lókè lórí jáàkì. Ó ní kí bàbá mi máa yí sítíárìn jẹ́jẹ́ láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú hóòsì lè jáde. Èmi ni mo tẹ̀ ba agolo, tí mò ń wo ìfófòó tó ń yọ, tí mò ń ké sí wọn pé ó kù, ó ṣì kù, títí ojú óìlì fi tẹ́jú. Nígbà tí a sọ ọkọ̀ kalẹ̀, bàbá mi fi ìka kan ti sítíárìn. Ó lọ. Wọ́n fi ìka kan náà dá a padà. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọmọdé tó rí nǹkan ìṣeré tuntun, títí mo fi rán wọn létí pé ìpàdé ń dúró.

Ọyẹ́ ò tíì ká nílẹ̀ tí a fi dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àtíbàbà tuntun ti wà níbi ti àtijọ́, ewúrẹ́ ìdágbére sì wà lórí ìso, ó ń jẹ ewé rẹ̀ láìbìkítà. Àwọn ọkùnrin jókòó lápá kan, àwọn obìnrin lápá kejì, màmá mi wà láàrin wọn. Bàbá mi dìde. Wọ́n ní kí àwọn tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, àwọn fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe apá ló kọ iṣẹ́, óìlì sítíárìn ló bàjẹ́, àna àwọn sì ti tún un ṣe. Olórí ẹgbẹ́ béèrè ohun tó bà á jẹ́.  Bàbá mi ní àwọn fúnra àwọn ni àwọn ṣèèṣì rọ epo pupa sí i.

Ariwo kékeré gba àárín àwọn ọkùnrin. Olórí ẹgbẹ́ fi ọwọ́ nu ojú, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní bí dírẹ́bà kò bá mọ epo ọbẹ̀ yàtọ̀ sí óìlì ọkọ̀, ìyẹn burú ju kí ó rẹ apá ẹni lọ. Mo rí i tí bàbá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ wọn ti ń lọ sí ọrùn láti tú okùn kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ bàbá mi kò tíì rìn dé ìdí kànga. Màmá mi ti dìde láàrin àwọn obìnrin, wọ́n tún ìró wọn ró.

Wọ́n ní, “Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín. Èmi ni mo rọ epo sí i, wọn kò mọ̀. Èmi ni kí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ wọn.”

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òjò dórí epo tí wọ́n fi pamọ́ fún ilé.  Ìyá àgbà kan tó dàgbà jù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, ló ní kí wọ́n tún un sọ fún òun. Wọ́n tún un sọ. Ìyá náà ronú, ó wá béèrè bóyá lọ́rì náà sọ pé epo dùn. Ẹ̀rín bẹ́ lágbàlá náà, ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń di ìhà mú. Olórí ẹgbẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá mi kọ́kọ́ fajú ro, wọ́n wá jókòó, wọ́n fi gèlè bo ẹnu, àwọn náà sì ń mì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́pà ló parí ìyókù. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ yí lọ́rì náà kí òun rí i, nítorí láti kékeré lòun náà ti ń dúró sẹ́nu kànga wò wọ́n. N kò pè é ní ẹlẹ́pà mọ́ láti ọjọ́ náà, àfi lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá mi gun lọ́rì. Wọ́n wọ ọgbà láti ẹnu ọ̀nà bí ọjọ́ ìkórè, nínú òtútù ọyẹ́ tó ṣì ń gé ètè. Wọ́n yọ ọwọ́ òsì síta fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí wa, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n fi yí i. Lọ́rì náà yí po láàrin kànga àti àtíbàbà tuntun, kò kan èyí, kò kan ìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Orin sọ. Obìnrin tó fẹ́ lọ nu òógùn wọn ti ń tú gèlè, màmá mi ló fọwọ́ tì í sẹ́yìn, wọ́n lọ nù ún fúnra wọn. Òógùn kankan ò sí níbẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, n kò tijú. Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́rùn bàbá mi, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ìdágbére ti wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rí ìdí tí a kò fi ní jẹ ẹ́.

Wọ́n kọ orin náà lóòótọ́. Àwọn obìnrin Ajue fi màmá mi kọrin dé Omifunfun, wọ́n fi kọrin dé ọjà Odigbo. Ohun tí bàbá mi bẹ̀rù dé, ó sì bá màmá mi nínú ọjà. Ẹni tó bá wá ra epo á béèrè fún epo lọ́rì. Màmá mi á ní àwọn ní i, pé bí epo náà bá lè gbé lọ́rì rìn, kí oníbàárà wo ohun tó máa ṣe fún òun. Epo wọn ò pẹ́ nílẹ̀ mọ́. Èmi ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì óìlì sítíárìn kan sí yàrá bàbá mi, mo fi ẹfun ya àgbélébùú sí ara rẹ̀ fún àwàdà, pé kì í ṣe ti ọbẹ̀, màmá mi sì nà mí ní ìgbálẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, a lọ kí wọn. A ti pààrọ̀ hóòsì tó ń jò ní Ore, sítíárìn náà rọ̀ débi pé ọkọ mi ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo jáde síta ní òwúrọ̀. Bàbá mi ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n jókòó sórí àpótí nídìí iná.

“Ọghọ́ ọ̀tún yìí ṣì ń dùn mí,” ni wọ́n ń wí.

Mo la ẹnu. Èmi aya mẹkáníìkì, mo mọ ohun tí ìka kan lè yí. Màmá mi wò mí, mo pa ẹnu dé. Wọ́n tẹ̀ sí etí mi kí bàbá mi má baà gbọ́.

“Mo mọ̀ pé kò dùn wọ́n,” ni wọ́n wí. “Lọ bá mi gbé òrí wá.”